Òpó Inú Ihò Fàdákà

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gíríkì láyé àtijọ́. Ẹrú ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wa fàdákà lábẹ́ òkè. Fàdákà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà jáde ni ìlú Átẹ́nì fi ń rọ owó. Òwìwí ni wọ́n yà sí ojú owó náà, ẹyẹ tí àwa máa ń lé bí ó bá ké lórí òrùlé wa. Owó olówìwí yìí ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi, òun ni wọ́n fi ra ọkà tí wọ́n ń jẹ, kò sì sí èbúté tí wọn kì í ti í gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà á nílẹ̀ kì í ní ẹyọ kan lọ́wọ́.

Ihò tí ọkùnrin yìí ń wọ̀ tóóró bí ihò òkété. Àyà ni wọ́n fi ń wọ́ nínú rẹ̀, fìtílà elépo sì ni oòrùn wọn. Láàárín ihò náà, níbi tó ti fẹ̀ díẹ̀, òpó òkúta kan wà tó gbé òrùlé ró. Ènìyàn kọ́ ló mọ ọ́n. Nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ wa ibẹ̀ ń gbẹ́ òkúta yí i ká, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí òkè má baà wó lù wọ́n. Fàdákà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ibikíbi lọ nínú ihò náà. Òfin ìlú ni pé ẹni tó bá gbẹ́ irú òpó bẹ́ẹ̀, pípa ni wọn yóò pa á. Àwọn awakùsà ní tiwọn kò dúró de òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ sísàlẹ̀ á fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó náà, bí ẹni ń kí àgbà ilé.

Olówó ọkùnrin yìí, ìyẹn ọ̀gá tó rà á lẹ́rú, kọ́ ló ni ihò náà. Ó gbà á lọ́wọ́ ìlú fún ọdún díẹ̀ ni, àkókò rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Lọ́jọ́ kan, ó wọ inú ihò fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó gbé fìtílà sún mọ́ òpó, ó ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ìkòkò ọbẹ̀.

"Gbẹ́ eléyìí fún mi," ó wí. "Ọjọ́ tí o bá gbẹ́ ẹ tán, o ti di òmìnira. Wàá padà lọ bá ìyá rẹ."

"Ọ̀gá mi, òkè ńkọ́?"

"Òkè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Tó bá sì máa wó, kó wó lé ẹni tó máa gba ihò lẹ́yìn mi lórí. Ọ̀la ni mò ń padà bọ̀. Bí mo bá bá òpó yìí bó ṣe wà, má dárúkọ òmìnira létí mi mọ́."

Ó lọ. Ọkùnrin náà mú òòlù. Kò sí ohun tó wù ú láyé bíi kó tún rí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ó lu òpó náà lẹ́ẹ̀kan, èérún òkúta bọ́ sílẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ń dán yinrin. Ó tún gbé òòlù sókè. Ìgbà náà ló gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀. Alápò ni, ẹrú tó máa ń fi àpò awọ gbé òkúta jáde, aláwàdà tí kò lè ṣiṣẹ́ kó má kọrin. Bí òpó bá lọ, ibo ni olórin yóò gbà jáde? Ọwọ́ ọkùnrin náà rọ̀ wálẹ̀.

Nígbà tí alápò rá jáde, ó rí èérún lẹ́sẹ̀ òpó, ọkùnrin náà sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un tán.

"O kúkú gọ̀," ó ní. "Ò bá pè mí jáde, kí o gbẹ́ ẹ, kí n máa pè ọ́ ní ọ̀gá."

"Bí mo bá gbẹ́ ẹ, lọ́la èmi ti wà nílé. Ta ni yóò pe àwọn tó bá tún wọlé?"

Alápò fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, olówó ọkùnrin náà ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí òkè mì. Ihò aládùúgbò ló wó. Ẹni tó gba ihò yẹn lọ́wọ́ ìlú ti ní kí wọ́n gbẹ́ àwọn òpó inú rẹ̀ tán. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dí pa, àwọn awakùsà sì wà nínú. Eruku kún ihò olópòó náà, gbogbo ènìyàn ń sá jáde, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dúró. Ó ń gbọ́ kó, kó, kó lára ògiri lẹ́bàá òpó. Àwọn tí òkè dé mọ́ ló ń lu òkúta.

"Jáde, òrùlé yìí náà máa wó," alápò ké sí i.

"Kò ní wó. Wo ohun tó gbé e ró. Mú òòlù."

Àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri. Òkè ń kùn lórí wọn bí ààrá, òkúta wẹ́wẹ́ ń já lù wọ́n lẹ́yìn, òpó kò mì. Ògiri dá lu. Ọwọ́ kan yọ, orí kan tẹ̀lé e, wọ́n sì ń fà wọ́n wọlé títí kò fi ku ẹnì kan. Bí wọ́n ti ń rá kọjá ni wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Alápò dá orin, gbogbo wọn gbè é, orin náà sì ṣáájú wọn dé ojú oòrùn.

Olówó ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ihò pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú, tí wọ́n ti de aládùúgbò náà lókùn. Àgbà kan wọlé lọ wo òpó, ó sì jáde.

"Ta ló fi òòlù kan òpó yìí?"

Olówó ẹrú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ẹrú yìí lè pa òun.

"Èmi ni," ọkùnrin náà dáhùn. "Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo wá rántí àwọn tó wà nísàlẹ̀."

"Ojú òòlù kan kì í wó òkè, òfin kò mú ọ," àgbà náà wí.

Olówó ọkùnrin náà bá bọ́ síwájú. "Ẹ jẹ́rìí mi. Láti òní lọ, ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹrú mọ́."

Alápò tẹrí ba fún ọkùnrin náà nínú eruku. "Ọ̀gá mi, ṣé kí n bá yín gbé òòlù?"

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu ihò. Ọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé, ìyá rẹ̀ sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìwọ tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ilé tìrẹ náà ní òpó. Ohun tó gbé òrùlé ró sábà máa ń jẹ́ ohun tó níye lórí jù nínú ilé, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Ó lè jẹ́ èbù iṣu tí o fi pamọ́ de ìgbà ọ̀gbìn. Ó lè jẹ́ àwọn igi tó gbé dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ró, tí o fẹ́ tètè yọ kí kọnkéré tó gbẹ. Ẹnì kan yóò wá bá ọ, yóò ní ó ti pẹ́ tí òkè ti wà níbẹ̀. Kí o tó gbé òòlù sókè, dákẹ́ ná, kí o gbọ́ ẹni tó ń kọrin nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó rẹ, kí o sì kọjá.