Ìkòkò Èédú Inú Yàrá Ìkókó

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún tí Morádéyọ̀ bímọ. Ìyá rẹ̀ tó wá bá a wẹ ọmọ dáná èédú sínú ìkòkò, ó gbé e sínú yàrá, ó sì ti fèrèsé pa kí òtútù má baà mú ìkókó. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ Morádéyọ̀, ọmọ náà ò sì lágbára láti mu ọmú mọ́.

Èmi ò mọ ẹni tó sọ fún Akínyẹlé, ọkọ rẹ̀, pé òdòdó inú ilé máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó sáré ra ìkòkò òdòdó mẹ́rin, ó tò wọ́n yí ibùsùn ká. Ṣe ni orí túbọ̀ ń fọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ọlọ́run ṣe é, agbẹ̀bí àdúgbò wá kí wọn. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi ṣí fèrèsé gbayawu, tó sì gbé ìkòkò èédú síta.

“Òtútù á pa ọmọ mi o!” Ìyá àgbà figbe ta.

“Ẹ wọ aṣọ òtútù fún un, Màmá. Èéfín èédú tí ojú wa ò rí ló fẹ́ pa á.” Ó wo àwọn òdòdó náà, ó yíjú sí Akínyẹlé. “Bàbá ìkókó, ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ!”

Wọ́n gbé ìyá àtọmọ síta. Kò pẹ́ tí ọmọ fi sín, tó figbe bọnu, tó ń wá ọmú kiri. Akínyẹlé bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Òdòdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà ní yàrá náà. Ìyá àgbà ló gbin ìkarùn-ún, inú ìkòkò èédú rẹ̀ ló gbìn ín sí.