Èkísà Tí Ọdẹ́yalé Kò Gbé Sí Imú

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí odi amọ̀ ṣì yí ìlú Ìpèsán ká, akọni kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ọdẹ́yalé, ọkùnrin gìrìpá tí í dá dúró níwájú ogun, ẹni tí ọta rẹ̀ kì í sọnù sígbó. Òun ló kọ́ àwọn ará Ìpèsán bí a ti í kì ìbọn ṣakabùlà: kí wọ́n da ẹ̀tù sí i, kí wọ́n fi èkísà tí a fi ọ̀rá pa wé ọta, kí wọ́n sì fi ọ̀pá tì í wọlé ṣinṣin. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló dán wò. Epo pupa ń dì mọ́ inú ìbọn. Àdín ń yọ́ nínú oòrùn, a máa ṣàn bá ẹ̀tù, ẹ̀tù tó bá sì ti mu àdín kò ní gbaná mọ́. Òrí tí a fi ìda oyin díẹ̀ pò nìkan ló dúró síbi tí a fi í sí.

Ọdẹ́yalé wá fi òfin kan tì í: ọdẹ kì í pa èkísà ara rẹ̀, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá a pa á. Ẹni tó bá gbé èkísà náà sí imú láti mọ ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Láṣebíkan ni ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ tirẹ̀, inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun láti kékeré. Nígbà tí ìlú fi Ọdẹ́yalé jẹ Balógun, Láṣebíkan ló kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

Ní ọjọ́ kan, ogun Òkèbò dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn obìnrin àti ọmọdé ṣì wà lóko. Kò ṣeé ṣe láti ti ẹnubodè mọ́ wọn síta. Ọdẹ́yalé ti fi èkísà tí Láṣebíkan pa fún un kì ìbọn rẹ̀ láti àárọ̀, kò gbé e sí imú. Ó mọ̀ pé bí olórí ogun bá ṣubú, ìyókù yóò tú ká. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi sún mọ́ ọn, ó sì yìnbọn. Iná tàn fẹ̀rẹ̀ létí ìbọn, ìbọn kò dún.

Ó fa èkísà jáde. Òrí ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àdín ló kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba imú rẹ̀ kan. Ó yíjú sí Láṣebíkan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ ogun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Láṣebíkan, àdín nìyí."

"Àdín ni." Láṣebíkan kò gbójú sókè. "A jọ dàgbà ni, a jọ jagun ni. Ìwọ ni wọ́n fi joyè, èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé àpò ẹ̀tù tẹ̀lé ọ."

"Ìbá ṣe pé o sọ fún mi, ǹ bá gbé oyè náà fún ọ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ṣùgbọ́n èmi lo bínú sí. Àwọn tó wà lóko ńkọ́? Ìyàwó tìrẹ náà wà níbẹ̀."

Ó fa àdá yọ. Ó jà lẹ́nubodè títí ẹni ìkẹyìn fi ti oko wọlé, òun náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣubú. Ìlú fẹ́ pa Láṣebíkan, ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má pa á, ẹ̀yin ará Ìpèsán. Kí ó máa fi òrí pa èkísà fún yín títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kí ẹ sì máa gbóòórùn èkísà náà lójú rẹ̀."

Báyìí ni akọni lọ. Wọ́n sin ín sẹ́nubodè, wọ́n gbé ìkòkò òrí ka ibojì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà sì ni Láṣebíkan darúgbó sí. Títí di òní, ọdẹ Ìpèsán kì í jáde láìgbé èkísà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa fún un sí imú, ọ̀rẹ́ náà a sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi gbóòórùn rẹ̀ tán.