Ẹ̀rọ Eléhín Ẹ̀yìn Nínú Ọgbà Fádérera

"A kì í pe ẹni tó ń rọra roko lọ́lẹ, ó lóhun tó ń yà fún." Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Igbó-Ọsàn máa ń wí. Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á ní irọ́ ni, torí ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi ọkọ́ ṣeré lóko, ebi ló ń dúró dè é nílé? Kí sì ni èèyàn lè máa yà fún nínú oko tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn? Ṣé ejò ni àbí òkúta? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa fi òwe yìí gbèjà ara wọn bí wọ́n bá sùn dọ́sàn-án, inú a sì máa bí mi, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló bí i. Ẹ jókòó kí n sọ ibi tó ti wá fún yín.

Látúndé jẹ́ òṣìṣẹ́ réluwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ ju oúnjẹ lọ. Fádérera ni ìyàwó rẹ̀. Òun ló ni ọgbà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tó tẹ́ lọ títí dé etí odò. Inú ọgbà yìí ni tẹ̀tẹ̀, gbúre, ilá àti ata tí àdúgbò ń jẹ ti ń wá. Ọkọ́ ló fi ń ro ó, kì í sì í ṣe obìnrin tó ń sá fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibì kan nídìí igi ewúro, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ọkọ́ họ ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ ọwọ́. Kì í kọ ebè síbẹ̀, kì í gbin iṣu síbẹ̀, ẹ̀fọ́ nìkan ló ń fọ́n sí i. Àwọn aládùúgbò á dúró létí ọgbà, wọn á ní ọ̀lẹ ti ń wọ̀ ọ́ lára, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, gìrì mú ọmọ wọn obìnrin, Ìbídùn, ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì, ó sì kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ló máa ń gbé e lọ, wọn kì í sì í fi àmì síbẹ̀, torí wọ́n ní bí òbí bá mọ ojú oórì ọmọ, tó sì fẹnu sọ ọ́, ikú á padà wá mú òmíràn. Wọ́n ti tọkọtaya náà mọ́ yàrá, ìyá Látúndé àti àgbà obìnrin méjì sì gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ewúro. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ le, ihò náà kò sì jìn. Látúndé dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, kò rí nǹkan kan. Fádérera yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dọ̀tun, ẹ̀gbọ́n Ìbídùn, nìkan ni ọmọ tó ṣẹ́ kù fún un, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá la ẹnu, Dọ̀tun ni ikú á mú.

Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Fádérera. Látúndé ń wò ó bó ṣe ń di ìbàdí mú wọlé láti inú ọgbà, ó sì ń dùn ún dọ́kàn. Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, múra. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ la fẹ́ lọ rà. O ò ní fi ọkọ́ pa ara rẹ mọ́."

Múfútàù ni ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà nílùú. Olóòótọ́ èèyàn ni, kò kàn fẹ́ tajà lásán. Ó fi méjì hàn wọ́n. Ti àkọ́kọ́, iwájú ni àwọn irin ehín rẹ̀ wà. Ó fúyẹ́, òkè ilẹ̀ ló ń họ, a sì máa fò sókè bó bá kan ilẹ̀ líle. Ti èkejì, ẹ̀yìn táyà ni ehín rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yí táyà lọ, ó sì ń wọ ilẹ̀ tó ìdajì ìgbọ̀nwọ́.

"Báwo ni ọgbà yín ṣe tóbi tó?" Múfútàù bèèrè.

"Ó tó púlọ́ọ̀tì márùn-ún," Látúndé dáhùn.

"Ilẹ̀ ńkọ́? Ó le àbí ó rọ̀?"

"Ó le. Ilẹ̀ pupa ni."

"Eléhín ẹ̀yìn ló yẹ yín nígbà náà. Ọgbà kékeré ni eléhín iwájú wà fún, apá yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bí ẹ bá fi tú púlọ́ọ̀tì márùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ó tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló mọ inú rẹ̀. Ìyá, kí lẹ̀yin rí sí i?"

Fádérera fọwọ́ kan ehín ẹ̀rọ kékeré náà. "Èyí tó fúyẹ́ yìí ti tó. Ilẹ̀ wa yẹn, kò yẹ ká tú u jìn."

Látúndé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tí kò ní wọlẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rọra roko. Ọ̀lẹ ni ìyàwó mi."

Àwàdà ni. Múfútàù rẹ́rìn-ín, Fádérera náà rẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Dọ̀tun wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ nílé ọkọ rẹ̀, Fádérera rántí èyí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n ra eléhín ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Dọ̀tun, ẹ bá mi fi ìdí ewúro sílẹ̀. Èmi ni màá máa fi ọkọ́ ro ibẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi fi í sílẹ̀."

"Ó dáa, mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú ilẹ̀, kò sì sún mọ́ ìdí ewúro. Ní ọjọ́ kẹrin, Fádérera lọ bá Dọ̀tun fọ aṣọ. Látúndé dá wà nílé, ó wo ilẹ̀ kékeré tó ṣẹ́ kù, ó wo ọkọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ti ògiri, ó sì ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó òun kò kàn fẹ́ kí òun ṣe wàhálà jù ni. Ó fẹ́ kó dé wá bá gbogbo rẹ̀ ní títú, kí inú rẹ̀ dùn. Ìfẹ́ tí kì í bèèrè ọ̀rọ̀! Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ìkórìíra lọ. Ó tan ẹ̀rọ.

Òjò ọgbọ̀n ọdún ti wọ́ ojú ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Látúndé lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tún fẹ́ lọ ló rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú ilẹ̀ pupa. Ó pa ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé ni. Ó ṣì ń fi àtàǹpàkò nu amọ̀ kúrò lára rẹ̀ nígbà tí Fádérera wọ inú ọgbà.

"Ìyá Dọ̀tun, wo ohun tí mo rí. Ìlẹ̀kẹ̀ ta ni..."

Kò parí rẹ̀. Fádérera ti wà lórí eékún, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀. "Ìbídùn! Ìbídùn mi ò!" Ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ yẹn nínú ilé náà láti ọgbọ̀n ọdún.

Látúndé jókòó sórí ilẹ̀ tó tú. "O mọ̀? Gbogbo ìgbà yìí, o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń yà fún un."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀mí Dọ̀tun ni mò ń rò. Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń wò mí tí mò ń rọra roko. Ọ̀lẹ lẹ pè mí."

Látúndé kúnlẹ̀ tì í. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣa ilẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi bó. Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá péré ni wọ́n rí. Ìyókù, àti ohun tó kù lára ọmọ náà, ẹ̀rọ ti pò ó mọ́ ilẹ̀, ó ti fọ́n ọn káàkiri. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka mọ́ pé ibí ni Ìbídùn wà.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dọ̀tun bímọ, tìyá tọmọ yè. Gbogbo ilé ń yọ̀. Fádérera wọ yàrá, ó sì sunkún ju ti ọjọ́ tí wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ikú kò sì wá.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún mi," ó ní fún ọkọ rẹ̀. "Ǹ bá ti sọ fún yín láti ọjọ́ náà. À bá ti jọ sunkún ọmọ wa."

Látúndé dá ẹ̀rọ náà padà fún Múfútàù. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, òun ló sì ń ro ọgbà náà láti ìgbà yẹn. Nítorí pé kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà mọ́, gbogbo púlọ́ọ̀tì márààrún ló ń fi etí ọkọ́ họ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé etí odò.

Bámgbóyè, aládùúgbò rẹ̀, ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó sì dúró wò ó. "Bàbá Dọ̀tun, bẹ́ ẹ bá ń ṣe é báyìí, ìgbà wo lẹ máa ro ó tán? Ọ̀lẹ yín yìí mà pọ̀ o!"

Látúndé kò gbé orí sókè.

"Bámgbóyè," ó ní, "a kì í pe ẹni tó ń rọra roko lọ́lẹ. Ó lóhun tó ń yà fún."