Ìgbín Tó Ń Bá Ìjàpá Kọ Ewé Àádùn

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Àlọ́ tèmi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òkè, orí ewé ló bà sí. Ó bà lé Ìgbín tó mọ̀wé kọ, ó sì bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní akọ̀wé.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Ilẹ̀ lanu, koríko gbẹ, ooru ń jó Ìgbín nínú ìkarahun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ yé ẹyin. Ibi tútù kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò ni ẹ̀yìn àmù omi Ìjàpá. Ìgbín rọra wọ́ lọ bá a.

Nígbà náà, Ìjàpá àti Yánníbo ń ṣe àádùn tà nínú ilé wọn. Yánníbo a yan àgbàdo, a lọ̀ ọ́ kúnná, a fi epo àti ata pò ó, a wá pọ́n ọn sínú ewé gbòdògì. Àádùn náà dùn, ṣùgbọ́n kò tà, nítorí kọ̀rọ̀ ni ilé wọn wà.

"Wàá gbé ẹ̀yìn àmù títí òjò yóò fi dé, ìwọ àti ẹyin rẹ," ni Ìjàpá wí. "Ṣùgbọ́n wàá máa bá mi kọ ọ̀rọ̀ dídùn sára ewé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ìwọ ni. Bí wọ́n bá béèrè, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ tí o kò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀?"

"Ta ló ní kí n kà á? Kí wọ́n ṣáà rà á."

Ìgbín ro ti ẹyin rẹ̀, ó gbà. Ó yé wọn sẹ́yìn àmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Itọ́ rẹ̀ ló fi ń kọ̀wé. Bó bá gbẹ, a máa dán lára ewé. Ó kọ ọ́ pé: "Parí ìjà rẹ kí o tó jẹ mí. Bí o bá jẹ mí tán, o kò ní rántí ohun tó fa ìjà." Àwọn ẹranko ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà. Òmíràn a jẹ àádùn tán, a fi ewé há ara ògiri.

Ìjàpá a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a na ọrùn. "Ibi tí mo ti ń fọ ẹnu ni ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ sí mi lọ́kàn," a wí. Ìgbín ń gbọ́ ọ lẹ́yìn àmù. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń kọ̀wé lọ.

Nígbà tó yá, àgbàdo wọ́n. Ìjàpá rí igi kan tí kòkòrò ti jẹ, ìyẹ̀ igi náà dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun àgbàdo. Ó kó o, ó dà á mọ́ àádùn.

"Baálé mi, ẹnìkan kì í jẹ igi," ni Yánníbo wí.

"Bí ewé bá ti ní àgbàdo ni, àgbàdo ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ẹtu tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò wá tọrọ omi. Ó rí Ìgbín níbi àmù. "Ẹ kúulé, màmá," ó wí. "Inú ń run ọmọ mi láti àná. Kò jẹ nǹkan mìíràn, àfi àádùn. Bẹ́ẹ̀ mo ka ewé rẹ̀ dáadáa kí n tó fún un."

Ìgbín rántí igi tó gbọ́ lẹ́nu Yánníbo. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí kà, ẹnu òun ló ti wá.

Kò pẹ́ tí Ẹtu lọ, Ìjàpá gbé ewé dé. "Ọ̀la lọjọ́ ọjà. Kọ ọ́ pé àgbàdo rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"N kò kọ ọ́."

"O gbàgbé ẹni tó ni ibi tí o ń gbé?"

"N kò gbàgbé. Ohun tó wà nínú àádùn ni màá kọ. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, lé mi síta báyìí. Oòrùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Kọ èyí tó bá wù ọ́. Ta ni yóò gbà pé ìwọ ni? Ohunkóhun tó bá ti wà lára ewé yìí, tèmi ni."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ?"

"Mo gbọ́. Kọ̀wé."

Ìgbín kọ̀wé. Ẹ̀rù ẹyin rẹ̀ ń bà á, síbẹ̀ ogójì ewé ni, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá gbé igbá àádùn dé ọjà. Ẹfọ̀n, olórí ọjà, ló kọ́kọ́ rà. Ó ka ewé náà, ó tún un kà.

"Ìjàpá, ìwọ lo kọ èyí?"

"Bàbá, ta ni ì bá tún kọ ọ́? Inú mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo fi orí Yánníbo búra."

Ẹfọ̀n wá gbóhùn sókè, ó kà á fún gbogbo ọjà: "Ìdajì èyí ìyẹ̀ igi ni. Òun ló ń run ọmọ Ẹtu nínú. Má jẹ ẹ́."

Gbogbo ọjà yíjú sí Ìjàpá. Ìjàpá fa orí wọlé, ó tún yọ ọ́. "Èmi kọ́ o. Ìgbín ló kọ ọ́."

"Èyí nìkan?" ni Ẹtu béèrè láàárín èrò. "Àwọn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Ìjàpá rò ó wò. Bó bá ní òun ló kọ àwọn ìyẹn, òun náà ló kọ èyí. "Gbogbo rẹ̀ ni," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "N kò mọ̀wé."

Ẹfọ̀n ní kó jókòó, kó jẹ ọjà rẹ̀ tán. Ó jẹ ẹ́. Nígbà tó fi dé ogún, ikùn rẹ̀ ti kún ìkarahun, ọrùn kò lè wọlé mọ́. Yánníbo ń wò ó, kò bá a bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ìjàpá wọ́ délé láti lé Ìgbín, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ẹtu ti fi ewé tútù kó ẹyin rẹ̀, ó fẹ́ gbé wọn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí odò.

"O ba ilé mi jẹ́," ni Ìjàpá wí.

"Ọ̀rọ̀ mi ni mo gbà padà," ni Ìgbín dáhùn. "Láti òní lọ, ibi tí mo bá gbà, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo gbà á. Kò tún sí ẹni tí yóò gbé mi pamọ́."

Ó jáde sínú oòrùn, kò wẹ̀yìn.

Títí di ọjọ́ náà, Ìgbín kì í fi itọ́ rẹ̀ ṣòfò, iṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ fún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lónìí, ibi tí Ìgbín bá gbà, ìbáà ṣe ògiri ọba, a máa fi ìlà tó ń dán sílẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí n kò bá sì bù mọ́ ọn, ẹ kí mi.

Kò lẹ̀ o. Ẹ kú ẹnu, ìyá.