Sàmósà tó Kúnlẹ̀ Kí Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbé e dáadáa jàre, àbí ẹ ò tíì jẹun? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta gìrì, ó já sínú òróró gbígbóná, ó dá lórí Àwẹ̀ró.

Ní ayé àtijọ́, àlejò obìnrin kan ti ilẹ̀ Bẹ̀ngálì wá, ó kọ́ Àwẹ̀ró ní sàmósà dídín. Ó gé ànàmọ́ wẹ́wẹ́. Ó fi ẹ̀pà sí i, ó fi atalẹ̀ sí i, ó fi ata sí i. Ó po ìyẹ̀fun, ó dì wọ́n sínú rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ó fi omi lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Iná pẹ́lẹ́. Máa yí i. Má gbójú kúrò. Bí ọmọ ni, èyí tó o bá tọ́ á gbọ́ràn." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Erin, ọba ìlú Àwẹ̀ró, gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, bí n kò bá rí sàmósà jẹ kí oòrùn tó wọ̀, n ó wá jókòó sórí ilé rẹ."

Ẹ gbà mí! Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó tí kò lè rìn, ló wà nínú ilé yẹn. Ìyẹ̀fun tó kù kò ju èyí tí a lè dín lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Àwẹ̀ró da ti àkọ́kọ́ sínú òróró. Ìgbín ń kọjá lọ. "Àwẹ̀ró, o kú iṣẹ́ o."

Wọ́n kọ́ Àwẹ̀ró nílé. Ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, bàbá."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Àwọn adìẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Èyí tó yarọ nínú wọn ńkọ́?"

Ìgbín mà ni o! Kí ó tó sọ̀rọ̀ kan, á ti sinmi. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló ń jóná? Ìwọ ọmọ yìí, máa fojú sí iṣẹ́ rẹ." Sàmósà ti di èédú.

Ó da ìkejì. Agẹmọ dé, ó kí i, ó gbé ẹsẹ̀, ó fà á padà, ó tún kí i. Ìyẹn náà jóná. Inú ń bí mi sí Agẹmọ títí dòní.

Àwẹ̀ró sunkún. Ó dì ti ìkẹta. Ìkánjú ló fi di èyí tó kéré jù, kò lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bí ó ti ń yí wọn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ inú òróró, ẹ bá mi kúnlẹ̀ o,
*Yí pẹ́lẹ́!*
Ìyá mi ń bẹ nílé, kò lè sáré o,
*Yí pẹ́lẹ́!*
Erin fẹ́ jókòó, ilé mi kéré o,
*Yí pẹ́lẹ́!*

Ilẹ̀ mì. Erin fúnra rẹ̀ ni. "Àwẹ̀ró, o kú iṣẹ́ o."

Bó bá kúnlẹ̀, wọ́n á jóná. Bí kò bá kúnlẹ̀, ó rí ọba fín. Àwẹ̀ró ké pe inú ìkòkò, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi kí ọba!"

Ni gbogbo sàmósà bá dìde nínú òróró. Wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n kúnlẹ̀. "Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀!"

Erin wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò wọ bàtà rí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Màmá yín àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Kábíyèsí."

Omi bọ́ lójú Erin. "Báwo ni n ó ṣe jẹ ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi? Ta ló lè jókòó sórí ilé tí wọ́n ti tọ́ irú ọmọ báyìí?"

Èyí tó kéré jù kò kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Ó ní, "Erin, báwo ni?"

Ha! Erin gbé e mì. Ó lá ẹnu. Ó rọra bi Àwẹ̀ró pé, "Ṣé kò sí aláìlẹ́kọ̀ọ́ mìíràn?"

"Kò sí, Kábíyèsí."

Erin mí kanlẹ̀, ó kọrí sílé tòun ti ebi. Ilé Àwẹ̀ró dúró, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹ̀kọ́ ilé a máa gba ilé là. Ẹ̀yin àgbà náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń dín nǹkan, ẹ kí i kí ẹ máa lọ! Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí Erin wá jókòó sórí ilé mi.

Ó yá, sàmósà ló wà nínú àwo yẹn. Ẹ kọ́kọ́ kí i. Ó dáhùn? Kò dáhùn. Ẹ jẹ ẹ́.