Orí Tó Há Sínú Akoto

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa, àwa ológun ẹlẹ́ṣin máa ń fi ọ̀kọ̀ ja ìjà eré níwájú ọba, akoto irin á bo gbogbo orí. Ẹni tó bá borí ló ni ẹṣin ẹnìkejì.

Hamo tó dàgbà jù mí lọ, tí èmi àti ẹ̀ máa jà lọ́jọ́ náà, ti ń fi mí ṣẹ̀sín látàárọ̀. “Àbúrò, ẹṣin ló ń gbọ̀n ni àbí ìwọ?”

Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo kàn dijú, mo fi ẹṣin sáré sí i, ọ̀kọ̀ mi bá a lórí, ó ṣubú.

Àwọn òǹwòran ń pariwo, “Lọ mú ẹṣin ẹ!” Àṣé irin ti tẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú, akoto ò ṣeé ṣí, kò rí èémí mí mọ́. Mo fi ẹṣin sílẹ̀, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, mo di orí ẹ̀ mú kó má mì títí wọ́n fi fi òòlù la irin náà.

Hamo mí kanlẹ̀. “Ìwọ tó lù mí, ìwọ náà lo tún gbé mi wá?”

“Ẹ̀gbọ́n, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.”

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò bi mí mọ́ pé ta ló ń gbọ̀n.