Ìdí Tí Àpá Fi Wà Lára Ìyá Ìwúkàrà

Nígbà láéláé, nígbà tí ara ìwúkàrà, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tó ń mú ẹmu hó, ṣì ń dán láìní àpá kankan, ìlú wọn wà nínú akèrègbè tí dẹ́mudẹ́mu kan so mọ́ orí ọ̀pẹ. Bí ọkùnrin náà bá da ẹmu tán, kì í fọ akèrègbè yẹn mọ́ tónítóní. Á fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ìwúkàrà ti ń retí ẹmu tuntun.

Ìwúkàrà kì í lóyún bíi tiwa. Ara ìyá ni ọmọ ti ń yọ, bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi. Òwú ìdílé kan wà nínú ìyá kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ adùn ẹmu. Kí ọmọ tó já, ìyá gbọ́dọ̀ ran irú òwú náà fún un.

Àwọn méjì ló ń bá ìyá gbélé. Ó-yá ni èkíní, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ké pé, "Bímọ! Bímọ!" Èkejì ni Dádúró, arúgbó ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í dá lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ẹmu tuntun kán sínú akèrègbè. Àwẹ̀ró, tí kò tíì bímọ rí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun ni Ó-yá bẹ̀rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti di ìyá ọlọ́mọ. Kí lò ń wò?"

"Jẹun ná, ọmọ mi," ni Dádúró wí. "O ò tíì tóbi tó. Òwú ọmọ ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Ran án tán. Ọmọ tí òwú rẹ̀ kò pé kò ní mọ oúnjẹ ẹ́ jẹ."

Ó-yá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ lọ sùn!"

Ojú ń kán Àwẹ̀ró. Ó já ọmọ tó ń yọ lára rẹ̀ láìran òwú rẹ̀ tán, ó sì sọ ọ́ ní Ìbídùn. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó rẹwà.

Àfi bí ebi ṣe ń pa Ìbídùn láàárín ẹmu. "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?" Àwẹ̀ró ò lè sọ, nítorí òwú ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ ti kú. Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹkún ò tíì tán lójú ìyá tí Ó-yá tún fi ké: "Bímọ! Bímọ!"

"Ó-yá, ọmọ mi kú!"

Ojú ti Ó-yá. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

"A jẹ́ pé o ò gbọdọ̀ máa gbélé," ni Dádúró wí. "Èmi ni n ó máa dí ọ̀nà títí ìyá yóò fi tóbi tó. Nígbà náà ni n ó yà fún ọ. Wá ké tìrẹ. Bí òwú bá pé, tí ọmọ sì já, kí o yọ́ bí iyọ̀. Ó-yá mìíràn ni yóò wá pe ọmọ mìíràn."

"Ṣé kí n kú ni?"

"Kí ọmọ lè yè."

Ó-yá wo Ìbídùn níbi tó kú sí. "Mo gbà," ló wí.

Àwẹ̀ró gbọ́wọ́ lé ibi tí ọmọ náà ti já lára rẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àpá ibí yìí parẹ́. Ọmọ mìíràn ò ní gba ibẹ̀ jáde."

Láti ọjọ́ náà ni ìwúkàrà kékeré ti ń jẹun dàgbà kó tó bímọ, tí Ó-yá sì ń yọ́ lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà sì ni àpá ti wà lára ìyá ìwúkàrà, ọ̀kan fún ọmọ kan, tí ọmọ méjì kì í gba ojú kan náà jáde.

Àwẹ̀ró bí ọmọ púpọ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ló sì mọ oúnjẹ ẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, àpá ara rẹ̀ ló máa ń kà, kì í ka àwọn tó wà láàyè.